Kí Ni Wọ́n Ń Pè Ọ́ Lọ́hùn-ún? Sidney Poitier àti Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ Sátidé sílẹ̀ nítorí fíìmù tí àwọn bàbá yín wò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Alága ti ṣẹ́jú sí mi pé kí n má ṣe pẹ́. N óò gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ọkùnrin kan jókòó sí ibùdókọ̀ ojú irin ní ìlú kékeré kan ní Mississippi, lóru. Kóòtù rẹ̀ gún, táì rẹ̀ wà lọ́rùn, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti pa olówó kan nílùú lóru yẹn. Ọlọ́pàá kan wọlé, ó rí aláwọ̀ dúdú tí kò mọ̀ rí, ó rí owó tó jọjú nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gbà pé ọwọ́ ti tẹ apààyàn. Ìgbà tí wọ́n mú un dé iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá ni àṣírí tú pé ọlọ́pàá lòun náà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Philadelphia, àti pé dọ́là 162 àti sẹ́ǹtì 39 lowó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti kọ́kọ́ ní owó inú pọ́ọ̀sì yẹn ju ohun tí òun ń gbà lóṣù lọ. Nígbà tó yá tí ọ̀rọ̀ di gbas-gbos láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀gá yìí wá ń fi orúkọ àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Virgil! Irú orúkọ wo nìyẹn fún ọmọ dúdú? Kí ni wọ́n ń pè ọ́ lọ́hùn-ún?

Ọkùnrin náà là á mọ́lẹ̀ pé: "Wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Tibbs!"

Ọmọ Yorùbá kankan kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ìbínú yẹn fún un. Àwa tí a máa ń pe ìyàwó ilé ní Ìyá Bọ̀sẹ̀ kí a má baà gbá orúkọ rẹ̀ mú ṣákálá, àwa tí ẹ̀gbọ́n tó fi oṣù mẹ́ta jù wá lọ ń retí "ẹ" lẹ́nu wa, a mọ̀ pé orúkọ lè di ìgbátí. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí Mississippi wà, nígbà náà, òyìnbó kì í pe aláwọ̀ dúdú ní Ọ̀gbẹ́ni. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tàbí ẹni ogójì ọdún pàápàá, "bọ̀ì" ni. Tó bá ti hu ewú, wọ́n á máa pè é ní "ọ́ńkù", kì í ṣe pé wọ́n bá a tan. Ọ̀gbẹ́ni wà fún òyìnbó, títí kan èyí tí kò rí owó ra bàtà.

Fíìmù tí mo ń sọ ni In the Heat of the Night, ti 1967, tí Norman Jewison darí. Òṣèré tó ṣe Tibbs ni Sidney Poitier. Mo ti wo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù rẹ̀, àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí mo sì rí nínú wọn ni mo wá sọ: láti 1950 títí dé 1967, ìjà kan náà ló ń jà nínú gbogbo wọn. Kí ni ẹ óò máa pè mí?

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tòmátì làwọn òbí rẹ̀, Reginald àti Evelyn, ní Cat Island, erékùṣù kan ní Bahamas. Wọ́n kó tòmátì lọ tà ní Miami ní oṣù Kejì ọdún 1927 ni ìyá rẹ̀ bá bímọ níbẹ̀ láìpé oṣù. Ọmọ náà kéré débi pé bàbá ti wá pósí kékeré sílẹ̀. Ìyá kò gbà. Ó lọ bá aríran kan, obìnrin náà sì sọ fún un pé ọmọ yìí kò ní kú, yóò bá àwọn ọba rìn, yóò sì gbé orúkọ àwọn òbí rẹ̀ káyé. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ aríran ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí i pé orúkọ ló mẹ́nu bà.

(Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ yà díẹ̀. Títí dòní ni àwọn ará Bahamas ń dá owó jọ, kí ẹnì kan kó o lóṣù yìí, kí ẹlòmíì kó o lóṣù tó ń bọ̀. "Asue" ni wọ́n ń pè é. Èsúsú ni! Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi gbé débẹ̀ ló gbé e lọ. Nítorí náà ẹ má rò pé ilẹ̀ àjòjì pátápátá ni mo kó yín lọ.)

Ó pé ọmọ ọdún 15 ni wọ́n dá a padà sí Miami lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nílé, ní Cat Island, aláwọ̀ dúdú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó ń rí, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ pé ẹ̀yìnkùlé ni ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ní Miami, wọ́n ní kó gbé ẹrù lọ fún obìnrin òyìnbó kan, ó lọ kan ilẹ̀kùn iwájú. Obìnrin náà ní kó gba ẹ̀yìn, kò yé e, ó gbé ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú, wá a délé. Kò pẹ́ tó fi gba New York lọ, ọmọ ọdún 16, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ.

Ibẹ̀ ló ti rí i nínú ìwé ìròyìn pé American Negro Theatre ní Harlem, àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní New York, ń wá òṣèré. Ó lọ. Wọ́n gbé ìwé eré fún un, ó ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀ kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn Bahamas ń rọ́ lẹ́nu rẹ̀. Frederick O'Neal tó ń gba àwọn òṣèré gbá a mú, ó tì í síta, ó ní kó lọ wá iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, bí abọ́ fífọ̀. Ohun tó gún un lọ́kàn ni pé kò tíì sọ fún ọkùnrin náà pé abọ́ lòun ń fọ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé ó hàn lójú òun ni. Ó ra rédíò. Lálẹ́, ohun tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá sọ, òun náà á sọ ọ́ tẹ̀ lé e, títí ohùn Cat Island fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Agbáwo kan, Júù tó ti dàgbà, ló ń jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́ lálaalẹ́ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ó ń kọ́ ọ ní kíkà. Poitier kò padà rí ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní 80 ọdún tó ń fi omijé sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ó padà sí Harlem, ó bẹ̀ wọ́n pé òun á máa gbálẹ̀ fún wọn, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọ̀dọ́mọkùnrin tó yẹ kó ṣeré kò lè wá, Sidney sì dúró sí àyè rẹ̀. Harry Belafonte lẹni tí kò lè wá náà. Ọ̀rẹ́ àti aáwọ̀ wọn tọ́jọ́ ju ìgbéyàwó ẹlòmíì lọ.

Ní 1950 ni Hollywood gbé e jáde nínú No Way Out, ti Joseph Mankiewicz. Dókítà ló ṣe. Nígbà náà, aláwọ̀ dúdú nínú fíìmù, bí kò bá gbé atẹ́ oúnjẹ, á máa ya ojú sílẹ̀ kí èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Òun ní tirẹ̀ wọ aṣọ funfun oníṣègùn, ẹ̀gbin sì ni aláìsàn òyìnbó tí Richard Widmark ṣe ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn èyí ni olùdarí Zoltan Korda kó òun àti Canada Lee lọ sí South Africa, láti ya Cry, the Beloved Country. Nítorí òfin ìlú yẹn, ìránṣẹ́ tó wà lábẹ́ Korda ni wọ́n kọ wọ́n sí. Òṣèré méjì tí orúkọ wọn wà níwájú fíìmù, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n jẹ́ nínú ìwé ìjọba.

Mo ń kọjá kíákíá. Ní 1955 ó ṣe ọmọ iléèwé nínú Blackboard Jungle, nígbà tó ti lé ní ọdún 25. Kí wọ́n tó ya fíìmù náà, agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò mọ Paul Robeson àti Canada Lee mọ́, nítorí ìjọba ti ṣọ́ àwọn méjèèjì bí ẹni ń ṣọ́ olè. Àgbà tó la ọ̀nà fún un ni wọ́n ní kó sẹ́ lórúkọ. Kò fọwọ́ sí i. Olùdarí Richard Brooks kò sì lé e.

Ní 1958, nínú The Defiant Ones, wọ́n so òun àti Tony Curtis pọ̀ mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan, ẹlẹ́wọ̀n méjì tó sá, tí wọn kò fẹ́ràn ara wọn. Curtis ni gbajúmọ̀ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé orúkọ Poitier sókè àkọlé fíìmù pẹ̀lú tòun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn fún un. Fíìmù yìí ló sọ ọ́ di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún Oscar òṣèrékùnrin tó gbégbá orókè. Ní ìparí rẹ̀, Poitier ti rí ọkọ̀ ojú irin gùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ọwọ́ òyìnbó kò tó o, ó bá bẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. James Baldwin kọ ọ́ pé àwọn òyìnbó tó wò ó mí kanlẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń pariwo ní Harlem pé kí òmùgọ̀ yẹn padà sínú ọkọ̀. Ẹ fi ariwo yẹn sọ́kàn, a óò tún gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ fìdí kalẹ̀ nìyí. Ní oṣù Kẹta 1959 ni A Raisin in the Sun, eré Lorraine Hansberry, wọ Broadway, Lloyd Richards darí rẹ̀. Poitier ṣe Walter Lee Younger, ó sì tún un ṣe nínú fíìmù ní 1961. Ẹbí kan ní Chicago, inú yàrá há, bàbá ti kú, ẹgbẹ̀rún dọ́là 10 ti ìnṣọ́ránsì ń bọ̀. Dírẹ́bà ni Walter. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún òyìnbó láàárọ̀, ó ń tì í nírọ̀lẹ́, "yẹ́sà", "nóòsà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni ń pọ̀ májèlé sílẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Beneatha, ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, Joseph Asagai. Ọmọ Nàìjíríà ni. Ọmọ Yorùbá ni! Orúkọ náà kò jọ ti Yorùbá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí Hansberry ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Ivan Dixon ló ṣe é lórí ìtàgé àti nínú fíìmù. Asagai ní orúkọ tó fi ń pe Beneatha nínú eré náà: Alaiyo. Wọ́n bi í pé kí ló túmọ̀ sí, ó ní ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá rí i lójú ìwé, "Aláyọ̀" la máa ń kà á sí, a ó wá ní obìnrin Amẹ́ríkà yẹn kò mọ Yorùbá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Aláìyó. Ẹni tó jẹun tí kò yó. Ìtumọ̀ tí Hansberry fún un bá a mu rẹ́gí, mo sì gbà pé ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa ló bá a wá a. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé kò sí Yorùbá tí yóò pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní aláìyó. Wọ̀bìà là ń bú bẹ́ẹ̀. Hansberry yí èébú náà lórí, ó sọ ọ́ di oríkì.

Orúkọ ọmọbìnrin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo Poitier nínú fíìmù yẹn kí ẹ sọ fún mi ta ni aláìyó gan-an. Ìyàwó ń sọ pé kó jẹ ẹyin rẹ̀, òun ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ọtí tó fẹ́ dá sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbàyè nínú yàrá náà, ó ń fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́, ohùn rẹ̀ ń fọ́. Nígbà tí Willy, ẹni tí wọ́n fẹ́ jọ dá ṣọ́ọ̀bù náà, sá lọ pẹ̀lú owó tí ìyá fà lé e lọ́wọ́, ariwo tó ké kò jọ ti eré. Mo gbà pé kò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dárúkọ rẹ̀ fún Oscar nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn Walter, ìwọ̀nba ni Hollywood gbà kí ebi máa pa á.

Ẹ wo 1963. Lilies of the Field, fíìmù kékeré tí Ralph Nelson yà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ní Arizona, pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Poitier gba owó díẹ̀ ṣáájú, ó gba ìpín nínú èrè. Homer Smith, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń rìn kiri, já sọ́wọ́ àwọn sísítà Àgùdà tó ń sọ èdè Jámánì, wọ́n sì ní Ọlọ́run ló rán an wá kọ́ ilé ìjọsìn fún àwọn. Olórí wọn kò pè é ní Smith rí. "Schmidt" ló sọ ọ́. Schmidt wá báyìí, Schmidt gbé biríkì. Ó kọ́ ilé náà tán, ó gun òkè lọ síbi àgbélébùú, ó fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì tútù níbi tí èèyàn kò ní rí i láti ilẹ̀. Ìyẹn nìkan lowó iṣẹ́ tó gbà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1964, Anne Bancroft ṣí àpò ìwé, ó pe orúkọ rẹ̀. Hattie McDaniel ti gba Oscar ní 1940 fún ipa ìránṣẹ́ tó ṣe. Láti ìgbà yẹn, Poitier ni òṣèré aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó tún gba ti eré ṣíṣe nínú ìdíje, òun sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ nínú wọn.

Àmì-ẹ̀yẹ yẹn kò dá ìbọn dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, òun àti Belafonte gbé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún dọ́là 70 sínú báàgì lọ sí Greenwood, Mississippi, fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá aláwọ̀ dúdú forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọkọ̀ àwọn Klan gbá tẹ̀ lé wọn láti pápákọ̀ òfurufú lóru. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Jewison ní fíìmù Mississippi ń bọ̀, Poitier ní òun kò lọ síbẹ̀. Ìlú Sparta ní Illinois ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi wọ Tennessee, nítorí oko òwú, ó sì ń fi ìbọn sábẹ́ ìrọ̀rí sùn.

Tennessee yẹn ni wọ́n ti ya ìgbátí náà. Tibbs àti ọ̀gá ọlọ́pàá lọ bá Endicott, olówó ìlú, nínú ilé gíláàsì tó ń gbin òdòdó sí. Endicott rí i pé aláwọ̀ dúdú ló ń bi òun ní ìbéèrè, ó fọ́ ọ létí. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lójú, Tibbs ti fọ́ òun náà létí padà. Ọmọ ọ̀dọ̀ dúdú kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú atẹ́ lọ́wọ́. Endicott bi ọ̀gá ọlọ́pàá pé kí ló fẹ́ ṣe sí ohun tó rí yìí, ọ̀gá ní òun kò mọ̀. Poitier sọ títí pé òun lòun ní kí wọ́n fi ìgbátí kejì sí i. Jewison ní ó ti wà nínú ìwé eré tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní i, kó máa ní i. Ojú ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn lèmi máa ń wò.

Lọ́dún 1967 kan náà ni To Sir, with Love jáde. Ọkùnrin láti British Guiana, tó kàwé ẹnjiníà tí kò ríṣẹ́, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìlà-oòrùn London. Ọmọ iléèwé inú Blackboard Jungle ti di tíṣà. Kí ló kọ́kọ́ yanjú nínú kíláàsì? Orúkọ. Ẹ óò máa pè mí ní Sà. A óò máa pe àwọn ọmọbìnrin ní Mísì. Tí mo bá ń wo ibẹ̀, Walter Lee tó ń dá "yẹ́sà" lóhùn níwájú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dún yẹn náà ni Guess Who's Coming to Dinner, dókítà tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òyìnbó. Ìfẹnukonu kan ṣoṣo wà níbẹ̀, inú dígí dírẹ́bà takisí la ti rí i.

Ní 1968, àwọn tó ni ilé sinimá ní Amẹ́ríkà kà á sí òṣèré àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń fa èrò wọlé fún wọn. Ariwo Harlem sì padà. Clifford Mason, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, ti béèrè nínú New York Times ní oṣù Kẹsàn-án 1967 pé kí ló dé tí Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun fi fẹ́ràn Sidney Poitier tó bẹ́ẹ̀. Ó ní èèyàn kan náà ló ń ṣe: kò láya, kò lẹ́bi, kò lẹ́ṣẹ̀, òyìnbó ló ń bá yanjú ìṣòro.

Mason kò purọ́. Dókítà inú Guess Who mọ́ jù, ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò tó o. Ṣùgbọ́n n kò lè bá a dé ibi tó dé. Nígbà tó jẹ́ ìwọ nìkan ni aláwọ̀ dúdú tí orúkọ rẹ̀ ń ta fíìmù, ipa olè tí o bá ṣe, gbogbo ìran rẹ lo bá ṣe é. Òṣèré òyìnbó lè ṣe apààyàn lóṣù yìí kó ṣe bíṣọ́ọ̀bù lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní pàdánù iṣẹ́ nítorí ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni Poitier bèèrè, ó sì gbà á. Wọ́n gba ebi inú Walter Lee lọ́wọ́ rẹ̀ fi ṣe pààrọ̀.

Ọ̀wọ̀ náà pàápàá kò délé tán. Ní ìparí In the Heat of the Night, ọ̀gá ọlọ́pàá tí Rod Steiger ṣe bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin. Òyìnbó Mississippi, ó ń gbé ẹrù aláwọ̀ dúdú! Ó na ọwọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kó tọ́jú ara rẹ̀. Virgil ló sì pè é. Fíìmù náà gba Oscar fíìmù tó dára jù, Steiger gba ti òṣèré. Wọn kò dárúkọ Poitier rárá.

Lẹ́yìn 1972 iṣẹ́ olùdarí ló gbájú mọ́ jù. Ó gba Buck and the Preacher lọ́wọ́ olùdarí àkọ́kọ́, ó sì fi Belafonte ṣe oníwàásù gbájúẹ̀. Uptown Saturday Night tẹ̀ lé e ní 1974, ẹ̀rín ni látòkè délẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀, kò sì sí òyìnbó kankan tí wọ́n ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1980, Stir Crazy tó darí pa ju mílíọ̀nù dọ́là 100 lọ. Bahamas fi í ṣe aṣojú sí Japan. Ní oṣù Kẹta 2002 wọ́n fún un ní Oscar ọlá, alẹ́ ọjọ́ náà ni Denzel Washington gba tirẹ̀, aláwọ̀ dúdú kejì tó gbà á fún ipa aṣáájú ọkùnrin, ọdún 38 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Denzel gbé tirẹ̀ sókè sí i, òun náà dìde, ó gbé tirẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2022, ẹni ọdún 94.

Mo fo nǹkan kan. Ní 1974, Ọbabìnrin Elizabeth fi í joyè, nítorí ọmọ Bahamas ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti lẹ́tọ̀ọ́ kí gbogbo ayé máa pè é ní Sir Sidney, ọkùnrin tó fi ọdún 17 jà nínú fíìmù nítorí Sà àti Ọ̀gbẹ́ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ẹ lọ wo Uptown Saturday Night tó jáde lọ́dún oyè náà gan-an, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ olùdarí sí. Sidney Poitier ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí àgbẹ̀ tòmátì yẹn ṣe sọ ọ́.